Ọmọ Ajá Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mú Wálé: Ta Ló Ń Ké Pè?

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti àrànmọ́ fáwẹ̀lì nìkan lẹ fi ń kọ̀wé sí mi mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé n'Ìbàdàn, ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ọlọ́sìn. Láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni ajá náà ti ń ké tí ẹnikẹ́ni kò fi rí oorun sùn. Bàbá àgbàlagbà kan ní ojúlé kejì wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n so ó mọ́ ẹnu géètì, kí wọ́n má dá a lóhùn rárá, "kó lè rorò." Ó wá bi mí pé, "Prof, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ìdáhùn mi kò gùn jù báyẹn lọ. Àmọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ra ajá báyìí nítorí ọ̀rọ̀ ààbò, tí irú ìmọ̀ràn bàbá yẹn sì wọ́pọ̀ ládùúgbò gbogbo, ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sin ajá, mo sì ti fi ọjọ́ ayé mi wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé níbí.

Ohun tí ọmọ ajá pàdánù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ́ sí ipò ọmọ ajá náà wò. Ọmọ ajá kì í lajú wáyé. Ojú rẹ̀ a máa là láàárín ọjọ́ 10 sí 14, kí etí rẹ̀ tó gbọ́rọ̀ dáadáa a tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Imú àti ara ló kọ́kọ́ fi mọ ayé: òórùn ìyá rẹ̀, ooru ara àwọn tí wọ́n jọ bí wọn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò dá nìkan sùn rí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnìkan dé, ó kó owó sílẹ̀, ó gbé e sínú páálí, ó gbé e sínú ọkọ̀ tó ń mì. Nígbà tí páálí máa ṣí, kò sí òórùn kan tó mọ̀ mọ́.

Igbe tí ẹ ń gbọ́ lóru yẹn kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Ìpè ni. Ó ń pe ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Níbo lẹ wà?" Ìpè kan kò sì lè wà láìní ẹni tí a ń pè. Bí ọmọ ajá bá pè títí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó lè dákẹ́ nígbà tó bá yá lóòótọ́, àwọn èèyàn á sì ní ó ti gbọ́n. Ohun tó kọ́ gan-an ni pé pípè kò wúlò nínú ilé yìí. Ajá tó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ṣòro í fọkàn tán èèyàn. Bí ó bá sì dáhùn, tó rí i pé ẹnìkan wà ńbẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, igbe náà á sì dínkù láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí ẹ tó lọ gbé e

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tà á ń kánjú, wọ́n á ní ó ti ń jẹun fúnra rẹ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín ṣeré láì pa ẹlòmíràn lára: bí ó bá gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ jù, onítọ̀hún á ké, eré á sì parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ pé òfin tiyín níbẹ̀ kò gbà kí ọlọ́sìn tó níwèé àṣẹ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ fi ìyẹn ṣe òfin fún ara yín.

Ohun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́sìn. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ìyá ajá náà, nítorí ìyá tó ń bẹ̀rù èèyàn lè ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè irú oúnjẹ tó ń jẹ àti iye ìgbà tó ń jẹ ẹ́ lójúmọ́. Ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. "Wọ́n ti fún un" lẹ́nu lásán kò tó. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kẹ́ ẹ mú àkísà mímọ́ kan dání, kẹ́ ẹ fi ra ara ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e wálé pẹ̀lú ọmọ. Òórùn ara àkísà yẹn á ṣiṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò tíì lè ṣe.

Lójú ọ̀nà, ẹ má gbé e sínú búùtù ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbé e lẹ́sẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ má sì fún un lóúnjẹ kété kẹ́ ẹ tó gbéra, kó má baà bì. Ẹ gbìyànjú láti gbé e dé ní òwúrọ̀, kó lè fi ọ̀sán mọ inú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Fún alẹ́ bíi mélòó kan, ẹ gbé páálí tàbí kéèjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti sọ ajá dọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò, ẹ dì í mọ́ inú aṣọ, ẹ tẹ́ àkísà ìyá rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tó nípọn kún un.

Bí ó bá ké lóru, ẹ kọ́kọ́ rò ó bóyá ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e jáde, kó tọ̀, ẹ gbé e padà, láì bá a ṣeré, láì tan gbogbo iná ilé. Bí kì í bá ṣe ìtọ̀, ẹ na ọwọ́ sí i, kó gbóòórùn yín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kan tàbí méjì. Ìdáhùn yín nìyẹn: "Mo wà níbí." Nígbà tó bá ti ń sùn dáadáa, ẹ máa sún páálí náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa sùn.

Ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ láé. Ariwo rẹ̀ á dẹ́rù bà á, èéfín rẹ̀ sì lè pa á.

Oúnjẹ àti ìgbọ̀nsẹ̀

Èmi kì í pẹ́ lórí èyí. Oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ ọlọ́sìn ni kẹ́ ẹ máa fún un lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 7, kí inú rẹ̀ má baà dàrú. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 yẹ kó máa jẹun ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kékeré kékeré. Mílíìkì màlúù a máa ṣu ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má da ọbẹ̀ ilé wa sí oúnjẹ rẹ̀: àlùbọ́sà inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì náà májèlé ni fún un. Eegun adìyẹ tí a ti sè sì lè fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, kó gún un nífun.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ ajá olóṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí 2 lọ. Bó bá ti jí, bó bá ti jẹun tán, bó bá ti ṣeré tán, ẹ gbé e lọ síbi kan náà, kẹ́ ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe é sínú pálọ̀, ẹ nù ún, ó tán. Ẹ má ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò lè so ìyà yẹn pọ̀ mọ́ ohun tó ṣe ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn. Ẹ̀yin ló máa so ó pọ̀ mọ́.

Orúkọ àti ohùn

Ibi tí iṣẹ́ mi ti wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n jókòó sí i díẹ̀.

Ajá ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2004, Juliane Kaminski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, fi hàn pé ajá kan tó ń jẹ́ Rico mọ orúkọ ohun tó lé ní 200. Ní 2011, John Pilley àti Alliston Reid ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ajá mìíràn, Chaser, tó mọ orúkọ ohun 1,022. Ẹ má retí irú èyí lọ́dọ̀ tiyín. Àràmàǹdà ni àwọn yẹn, wọ́n sì fi ọdún gbọọrọ kọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé etí ajá lè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Ní 2016, Attila Andics àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest wo ọpọlọ ajá 13 pẹ̀lú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn àti ọ̀rọ̀ lásán. Ibi tí inú dídùn ń gbé nínú ọpọlọ wọn ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn bá ohùn ìyìn rìn. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí a fi ohùn lásán sọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ọmọ ajá a máa dáhùn gan-an sí ohùn òkè tí a fi ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ju ohùn tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi ohùn ọmọ ọwọ́ bá ọmọ ajá yín sọ̀rọ̀, ẹ má tijú.

Kí wá ni a óò fi èyí ṣe nínú ilé Yorùbá?

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò jọ ọ̀rọ̀ àṣẹ kankan. Ẹ wo ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní Dúdú, tó wá ń pàṣẹ fún un pé, "Dúró!" Sílébù méjì ní ìhín, sílébù méjì ní ọ̀hún, ohùn òkè méjì ní ìhín, ohùn òkè méjì ní ọ̀hún, sílébù àkọ́kọ́ kò sì yàtọ̀ rárá. Ìgbà tí ẹ bá pè é kó wá, ó lè rò pé ẹ ní kó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wálé àti "Wá!" Ẹ pe orúkọ náà sókè pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ yín, wá, dúró, jókòó, rárá, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá wọ́n jọra. Bingo kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí Bingo fi pọ̀ tó báyìí nílẹ̀ wa!

Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ilé fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun kan. Nínú ilé mìíràn, bàbá á ní "Come," ìyá á ní "Wá," àwọn ọmọ á ní "Máa bọ̀," ẹni tó ń ṣọ́ géètì á súfèé. Ẹ̀yin mọ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ ajá kò mọ̀. Èdè tó wù yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ sáà má yí i padà.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ àṣà wa. Ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wa fẹ́ràn láti fi òwe sọ ajá lórúkọ, Tanímọ̀la, Ṣebótimọ, kí wọ́n lè máa fi pípe ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò tí wọ́n ń bá jà. Ẹni bá ní ìjà nínú á jáde sí ìta, á gbóhùn sókè: "Ṣebótimọ! Ṣebótimọ o!" Aládùúgbò á gbọ́, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, mo ti fi kọ́ yín ní kíláàsì rí. Àmọ́ ẹ wo ọ̀ràn náà láti ọ̀dọ̀ ajá. Aládùúgbò ló ni ọ̀rọ̀, ajá ló ni orúkọ, ohùn ìbínú sì ni ajá fi ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ olówe, kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣì kéré, ohùn ìfẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi pè é. Ẹ má sì pè é láé kí ó wá gba ẹgba. Bí ó bá ṣẹ̀, ẹ lọ bá a níbi tó wà. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa túmọ̀ sí ohun rere.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá ojúlé kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rántí Eric Lenneberg, tó sọ ní 1967 pé àsìkò kan wà tí ọmọ ènìyàn fi ń kọ́ èdè pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ajá náà ní àsìkò tirẹ̀, ti pé kó mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Ní 1961, Freedman, King àti Elliot ròyìn pé àwọn ọmọ ajá tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn bá ṣe nǹkan kan pọ̀ títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14 ń sá fún ènìyàn, ó sì ṣòro láti yí wọn padà. John Paul Scott àti John Fuller, ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé wọn ní 1965: láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 12 ni àsìkò náà.

Ẹ ṣírò ó. Ọmọ ajá tẹ́ ẹ gbé wálé ní ọ̀sẹ̀ 8 kò ní ju bí oṣù kan tàbí díẹ̀ lé lọ kí àsìkò náà tó kọjá. Bí ẹ bá fi oṣù yẹn so ó mọ́ ẹnu géètì, ìbẹ̀rù lẹ ń gbìn. Lóòótọ́, ó lè máa gbó, ó sì lè máa gé èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n ọmọ yín tó sáré kọjá ni yóò gé jẹ, tàbí ìyá oníbúrẹ́dì. Àwọn kan a tiẹ̀ máa fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kí inú lè máa bí i. Ìkà lásán ni. Ajá tó mọ ẹni tí kì í ṣe olè ló lè mọ olè. Ẹni tó bá fẹ́ ajá tó ń ṣọ́lé, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ilé náà jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí ayé lóríṣiríṣi, díẹ̀díẹ̀, láì fi ipá mú un: ẹni tó wọ agbádá, ẹni tó gbé ẹrù sórí, ọmọ iléèwé, arúgbó tó ń tẹ̀pá, ariwo ọ̀kadà, ìpè àdúrà, ìlù ṣọ́ọ̀ṣì, òjò lórí páànù. Kí báńgà ọdún tó dé, kó ti mọ ariwo kékeré. Bí ó bá sá sẹ́yìn, ẹ jìnnà sí ohun náà, ẹ dúró kó fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé, ẹ gbé e mọ́ra dípò kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ajá mìíràn ń gbà.

Ní ti àwọn ọmọdé ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má jí i lójú oorun, kí wọ́n má sì dà á láàmú nídìí oúnjẹ. Oorun ló ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́ rẹ̀ sùn, ó sì nílò rẹ̀.

Dókítà ẹranko

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó bá dé, ẹ gbé e lọ rí dókítà ẹranko. Àrùn tí a ń pè ní parvo, tó tàn ká ayé ní 1978, ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ajá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé tuntun. Ó lè ti wọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́sìn kó tó farahàn ní bí ọjọ́ 3 sí 7. Bí ó bá kọ oúnjẹ, tó ń bì, tó ń ṣu omi tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì fi àgbo dán an wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ a máa lọ ní ìpele ìpele títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Oògùn aràn náà kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, nítorí aràn inú ajá lè ran ọmọdé. Ẹ máa wo etí àti àárín ìka rẹ̀ fún eégbọn.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sì wà níbẹ̀, ní bí oṣù 3. Ẹ má fi èyí ṣeré. Bí ajákájá bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀? Á máa jẹun tán. Á máa na ara gbalaja sùn. Á máa gbé nǹkan wá fún yín kẹ́ ẹ bá a ṣeré. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó pe orúkọ rẹ̀ láti yàrá, ẹ ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pátapàta tó ń sáré bọ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A sábà máa ń fi òwe yẹn bá olórí kunkun wí. Àmọ́ ẹ rántí pé ọdẹ ti ní láti fọn fèrè yẹn fún ajá rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, kó sì fún un ní nǹkan nígbà tó bá dé. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fọn tiyín. Ẹ kú ìtọ́jú o.